Gáùn ọ̀kíríkà orí fóònù: kí ni kí n béèrè kí n tó sanwó?

Ọmọ Mọ́kọ́lá:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Ring Road, aṣọ tí mo ní ò sì tó mi wọ̀ láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè. Owó oṣù mi ò tíì gbé mi dé ìdí aṣọ tuntun. Ọ̀kíríkà ni mo sì fẹ́ràn láti ilé, torí èèyàn kì í bá ẹlòmíì pàdé nínú irú aṣọ tó wọ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni mo ń kúrò níbi iṣẹ́, mo sì ń lọ kíláàsì ní Sátidé. Kò sí bí mo ṣe lè ráyè lọ bẹ̀rẹ̀ máa ṣà á ní Dùgbẹ̀. Orí Instagram àti WhatsApp ni mo ti ń wò ó.

Gáùn kan wà tí mi ò lè mójú kúrò lára ẹ̀. Aláwọ̀ ewé ni, ó ní pílíìtì níwájú, bọ́tìnnì ńláńlá tò wálẹ̀ láti ọrùn dé ìbàdí, ọwọ́ ẹ̀ gùn. Ẹni tó ń tà á kọ "vintage" sí i, ó ní ₦9,500 ni, ó ní 14 ni nọ́ńbà ẹ̀. Èmi, 12 ni mo ń wọ̀. Èkó ló wà. Ó ní àyàfi tí mo bá ti sanwó lòun á tó yọ ọ́ sọ́tọ̀, àti pé owó tó bá ti wọlé ò ní jáde mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n bi í? Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó máa bá mi mu? Ṣé ti àtijọ́ ni lóòótọ́, àbí wọ́n kàn ń fi orúkọ yẹn gbówó lé e ni? Mi ò tíì ra aṣọ lórí fóònù rí.

Ìyá Aláṣọ Alẹ́ṣinlóyè:

Ọmọ mi, kú oríire iṣẹ́ tuntun o. Ọlọ́run á jẹ́ kó tù ẹ́ lára. Alẹ́ṣinlóyè ni ìsọ̀ mi wà, ọ̀kíríkà ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi. Láti ọdún 2020 tí kòrónà ò jẹ́ káwọn oníbàárà wá sọ́jà bíi ti tẹ́lẹ̀ ni mo ti ń tà lórí WhatsApp pẹ̀lú. Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo oníbàárà máa bi mi ni mo fẹ́ sọ fún ẹ yìí.

Gbàgbé 14 yẹn. 12 àwọn Gẹ̀ẹ́sì, 8 làwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é, 38 ni wọ́n sábà ń kọ sí i ní Jámánì, inú bélì kan náà, ìyẹn ẹrù aṣọ dídì, sì ni gbogbo wọn ń bá ara wọn gbé. Ti aṣọ àtijọ́ tún wá le. 14 tí wọ́n rán ní nǹkan bí ọdún 1965 kéré gan-an sí 14 òde òní, torí bí ara àwọn oníbàárà ṣe ń tóbi sí i làwọn iléeṣẹ́ aṣọ ń fi nọ́ńbà kékeré sí aṣọ ńlá kí inú wọn lè dùn. Tí gáùn yẹn bá jẹ́ ti àtijọ́ lóòótọ́, ó lè fún ẹ. Tó bá jẹ́ ti àná, ó lè gbá ẹ bọ̀. Téèpù ló máa sọ.

Lálẹ́ òní, yọ gáùn kan nínú èyí tó o ní, èyí tó bá ẹ mu tó o lè fi jókòó, tó o lè fi nawọ́ mú nǹkan lókè tí kò ní fà ẹ́. Tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, fi ọwọ́ pa á kó tẹ́jú, má fà á. Fi ẹnu téèpù síbi ojú rírán lábẹ́ abíyá kan, nà án dé abíyá kejì. Ká ní íǹṣì 19 lo bá níbẹ̀, sọ ọ́ dì méjì, 38 ni àyà gáùn yẹn. Lọ síbi tó ti fún jù ní ìbàdí, ṣe bákan náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ìdí, níbi tó ti fẹ̀ jù. Yí i padà, wọn èjìká láti ojú rírán apá kan sí èkejì. Wọn gígùn ọwọ́. Wọn gígùn gáùn láti orí èjìká dé ìṣẹ́tí. Kọ gbogbo ẹ̀ sínú fóònù, kó máa wà níbẹ̀.

Ìwọ̀n gáùn tìẹ yẹn ni kó o máa fi wé ti gáùn tí wọ́n bá ń tà. Má fi ìwọ̀n ara rẹ wé e, torí aṣọ tí kì í nà tó bá ṣe rẹ́gí pẹ̀lú àyà èèyàn, kò ní ṣeé mí nínú ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ fi íǹṣì méjì ju ara lọ, ó kéré tán. Èyí tó o ti ń wọ̀ ti ní ìyẹn nínú tẹ́lẹ̀.

Wá kọ̀wé sí onítọ̀hún báyìí: "Ẹ káàsán mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ́ gáùn aláwọ̀ ewé yẹn sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi téèpù lé e, kẹ́ ẹ ya fọ́tò ẹ̀ kí n lè rí nọ́ńbà." Fọ́tò téèpù ni kó o gbà o, torí púpọ̀ nínú wa ń fojú wọn aṣọ. Ẹni tí kò bá ráyè na téèpù lé aṣọ kan fún ẹ kò yẹ lẹ́ni tó ń gba ₦9,500 rẹ.

Fọ́tò tó tún kàn ni ti àwọn ibi tí aṣọ ti ń gbó. Ní kó yí i síta, kó ya inú abíyá méjèèjì. Kó ya inú kọ́là, níbi tí ọrùn ti ń ra á. Kó ya ẹnu ọwọ́, àti ìdí, níbi tí wọ́n máa ń fi jókòó. Tó bá jẹ́ ṣòkòtò ni, àárín itan. Kó ya gbogbo ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà lójú mọmọ, kó má fi nǹkan kan dán an. Lábẹ́ gílóòbù, òógùn tó ti di yẹ́lò lára aṣọ kì í hàn, aṣọ tó ní àwọ̀ tó dúdú sì ń ṣí lábẹ́ abíyá kó tó ṣí níbòmíì. Bó bá ti ṣí, ó ti ṣí nìyẹn, kò sí ọṣẹ tó máa dá a padà. Tó bá ní síìpù, kó fi fídíò gbé bó ṣe ń ṣí i tó ń tì í. Bọ́tìnnì ńláńlá yẹn náà, kó kà wọ́n fún ẹ, kó sì wo inú ẹ̀gbẹ́ gáùn bóyá wọ́n rán ọ̀kan tó ṣẹ́ kù mọ́ ọn. Tí ọ̀kan bá já sọnù, o ò ní rí ìkejì ẹ̀ ní gbogbo Gbági, gbogbo ẹ̀ lo máa pàrọ̀.

Fóònù kì í gbé òórùn o. Bi í ní tààràtà: káńfọ̀ ló ń rùn ni, àbí ebu? Òórùn káńfọ̀ á lọ tó o bá sá a sí atẹ́gùn. Ti ebu, pàápàá lára kóòtù wúùlù, ó lè pẹ́ lára ẹ̀ títí tí wàá fi fún ẹlòmíì.

Ní ti pé kì í dá owó padà, má tíì bínú sí i. Jẹ́ n sọ bí aṣọ yẹn ṣe dé ọwọ́ ẹ̀. Òfin Nàìjíríà ò gbà kí wọ́n kó aṣọ àlòkù wọlé, Kùtọnù ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀, ibẹ̀ ló ń gbà wọ̀lú. Tó bá dé Kàtángúà l'Ékòó, bélì dídì ni wọ́n ń tà á, kìlógíráàmù 45 tàbí 55, o ò sì ní rí inú ẹ̀ kó o tó sanwó. Ọjọ́ tó o bá tú u lo máa mọ̀ bóyá Ọlọ́run ṣe é. Gáùn dáadáa máa ń wà nínú ẹ̀, aṣọ tó ti ya náà máa ń wà níbẹ̀, iye kan náà lo sì fi kó gbogbo wọn. Àwọn tí kò sì lágbára bélì, wọ́n ń dúró ti àwọn tó ń tú u, wọ́n á ṣa èyí tó dáa jù nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn án, owó tí wọ́n ń san lórí ẹyọ kan sì wọ́n. Gáùn kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ ẹ̀. Tó bá gbé e pamọ́ fún ẹ, tó lé ẹlòmíì lọ, tó o wá ní o ò rà mọ́, òun ló pàdánù.

Ṣùgbọ́n kí èèyàn yí ọkàn padà yàtọ̀ sí kí ọjà má rí bí wọ́n ṣe ṣàpèjúwe ẹ̀. Òfin ọdún 2018 tó dá FCCPC sílẹ̀, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tí kò bá àpèjúwe mu padà, "mi ò kí í dá owó padà" tí wọ́n kọ sójú ewé ò pa ìyẹn rẹ́. Bi í kó o tó sanwó: "Tó bá dé, tí ìwọ̀n ẹ̀ ò bá rí bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́, ṣé ẹ máa gbà á?" Jẹ́ kó kọ ìdáhùn sílẹ̀. Mo máa ń dáhùn bẹ́ẹ̀ ni. Ọlọ́jà tó mọ ohun tó ń tà ò ní bẹ̀rù ìbéèrè yẹn.

Nípa owó: tó o bá ti tẹ nọ́ńbà àkáǹtì mẹ́wàá yẹn tán, orúkọ á jáde kó o tó fi ránṣẹ́. Tí orúkọ yẹn ò bá jọ ti ìsọ̀ tàbí ti ẹni tó ò ń bá sọ̀rọ̀, dúró, kó o béèrè. Ní kó kọ orúkọ tìẹ sí bébà, kó gbé e lé gáùn, kó ya á. Ẹni tó jí fọ́tò ẹlẹ́ni gbé kò ní lè ṣe ìyẹn. Kẹ́ ẹ sì sọ owó wébíìlì tán, ta ló máa san án, gáréèjì wo ló máa já a sí, Ìwó Road ni àbí Challenge.

Oníjíǹsì Sábó:

Ìyá wa ti sọ ohun tó ṣe pàtàkì jù. Jẹ́ n bá ẹ dáhùn ti "vintage." Láàárín àwa tó ń ṣa á, aṣọ tí kò bá tíì pé ogún ọdún, ọ̀kíríkà lásán ni. Orúkọ yẹn ń gbówó gọbọi, ìdí nìyẹn tí gbogbo nǹkan tó bá ti ní bọ́tìnnì ńlá fi ń jẹ́ ẹ.

Béèrè fọ́tò gbogbo lébù tó wà nínú ẹ̀, títí kan èyí tí wọ́n rán mọ́ ẹ̀gbẹ́. Láti 1972 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan kí ìlànà fífọ̀ wà lára aṣọ, nítorí náà gáùn Amẹ́ríkà tí kò ní in rárá lè ti ṣáájú ìgbà yẹn, bí kò bá jẹ́ pé wọ́n gé e dànù. Tó o bá rí ILGWU lára lébù, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń rán aṣọ obìnrin nìyẹn, wọ́n dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ mìíràn ní 1995, aṣọ yẹn ti wà ṣáájú ìgbà yẹn. "Made in West Germany" náà, ṣáájú kí Jámánì tó padà di ọ̀kan ní 1990 ni. Síìpù irin ní ẹ̀gbẹ́ gáùn tún jẹ́ àmì rere. Ní ti jíǹsì Levi's, wo aṣọ pupa kékeré tó wà lára àpò ẹ̀yìn: títí dé 1971, E ńlá ni wọ́n fi ń kọ orúkọ náà, lẹ́yìn ìgbà yẹn ni ó di e kékeré.

Má gba àmì kan ṣoṣo gbọ́. Méjì tàbí mẹ́ta tó bá fẹnu kò ni kó o gbà.

Ọmọ Ọjẹ́:

Inú mi ń bàjẹ́ díẹ̀ pé tí a bá ti sọ pé aṣọ àtijọ́, ti òyìnbó nìkan là ń rántí. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ìgbà ìyá wa àgbà ń jáde lórí fóònù báyìí. Ìbàdàn Dùn wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ya òpó Gbọ̀ngán Mápó sí, tí ṣíbí sì wà láàárín òpó wọn. Ọmọ Mọ́kọ́lá, tó o bá fẹ́ rà lára wọn lọ́jọ́ iwájú, ní kí wọ́n ya iwájú àti ẹ̀yìn aṣọ fún ẹ. Ojú kan ni wọ́n ń fi ẹ̀kọ ya, tí wọ́n bá wá rì í sínú aró ẹ̀lú, ẹ̀yìn ẹ̀ máa ń dúdú ju iwájú lọ. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀, àwòrán inú àpótí kọ̀ọ̀kan máa ń jọra délẹ̀délẹ̀. Ti ọwọ́ kì í jọra bẹ́ẹ̀, ìyá tó yà á á ti tẹ ìyẹ́ adìyẹ lágbára níbì kan, á ti rọ̀ ọ́ níbòmíì. Ìró àtijọ́ sábà máa ń jẹ́ abala méjì tí wọ́n rán pọ̀ láàárín. Kò sí ìyẹn lára èyí tí wọ́n tẹ̀ lánàá.

Ọmọ Mọ́kọ́lá:

Ẹ ṣé gan-an ni, mà. Ẹ ṣé, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo kọ̀wé sí i bí ìyá ṣe sọ, ó sì fèsì, ó fi fọ́tò téèpù ránṣẹ́. Abíyá sí abíyá, íǹṣì 19. Ìbàdí, 14 ààbọ̀. Èjìká, 15. Gáùn mi tí mo wọ̀n: 19 ààbọ̀, 16, àti 15. Abíyá ẹ̀ mọ́, bọ́tìnnì pé. Kò sí ìlànà fífọ̀ lára ẹ̀, síìpù irin sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, ó jọ pé ti àtijọ́ ni lóòótọ́. Ó ní aṣọ tó ṣẹ́ kù nínú, lẹ́bàá ojú rírán, tó íǹṣì kọ̀ọ̀kan. Ṣé télọ̀ lè tú u?

Télọ̀ Òkè-Àdó:

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ìbàdí tiyín, 32. Ti gáùn yẹn, 29. Íǹṣì mẹ́ta lẹ ń wá. Íǹṣì kan tó wà nínú yẹn, mi ò lè tú gbogbo ẹ̀, mo gbọ́dọ̀ fi ìlàjì sílẹ̀ kí aṣọ má baà ya. Ìlàjì níwájú, ìlàjì lẹ́yìn, íǹṣì kan nìyẹn ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, íǹṣì méjì. Ó ṣì ku kan. Síìpù irin yẹn náà, mo máa tú u kúrò kí n tó lè fẹ ẹ̀gbẹ́ òsì, àtúnrán ẹ̀ kì í rọrùn lára aṣọ tó ti pẹ́. Ibi tí ojú rírán àtijọ́ wà náà á tún hàn, torí oòrùn ò tíì kan inú aṣọ yẹn rí. Pílíìtì iwájú ò ṣeé fọwọ́ kàn.

Ká ní ó tóbi ni, ǹ bá ní kẹ́ ẹ rà á. Mo lè fi íǹṣì mẹ́ta dín ẹ̀gbẹ́ kù láàárọ̀ kan. Èjìká ni kẹ́ ẹ rí i pé ó bá yín mu, torí ìyẹn ló ń ná èèyàn lówó tó fi ń ju owó aṣọ lọ.

Ìyá Aláṣọ Alẹ́ṣinlóyè:

Fi í sílẹ̀, ọmọ mi. Mo mọ̀ pé ó dùn ẹ́, ó rẹwà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n sọ fún obìnrin yẹn pé o dúpẹ́, pé kò ní bá ẹ mu, kó o sì fi ìwọ̀n tìẹ ránṣẹ́ sí i. Ó fi téèpù wọn aṣọ fún ẹ láì bínú, ó sọ ohun tó wà nínú ojú rírán fún ẹ, má jẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bọ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́. Nígbà míì tó bá rí èyí tó bá ìwọ̀n rẹ mu, wàá rí i pé ìwọ ló máa kọ́kọ́ fi hàn.

Èyí tó o bá sì wá rà, má wọ̀ ọ́ kó o tó fọ̀ ọ́, má sì dà á pọ̀ mọ́ aṣọ ilé. Tí kò bá ní lébù, fa fọ́nrán òwú kan yọ nínú ìṣẹ́tí ẹ̀, gbé e sórí àwo irin, ṣáná sí i. Tó bá jó bíi bébà, tí eérú ẹ̀ kúnná, òwú ló sábà máa ń jẹ́, o lè fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa. Tó bá yọ́, tó di kókó líle, polyester ni, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ti tó o. Tó bá ń rùn bí irun tó jóná, wúùlù tàbí sílíìkì ni: omi tútù, ọṣẹ díẹ̀, má lọ́ ọ, tẹ́ ẹ sórí táwẹ́ẹ̀lì níbi òjìji. Hypo ò gbọ́dọ̀ débẹ̀ rárá, ó máa jẹ ẹ́ ni. Aṣọ funfun tó bá jẹ́ òwú nìkan ni mo máa ń fi Hypo sí.

Ọmọ Mọ́kọ́lá:

Mo ti fi ìwọ̀n mi ránṣẹ́ sí i, mà. Ó ní síkẹ́ẹ̀tì búlúù kan wà nílẹ̀, ìbàdí ẹ̀ jẹ́ íǹṣì 16 ààbọ̀ ní títẹ́, ₦4,000. Mo ti ní kó ya inú ẹ̀ àti síìpù ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ ọ̀la. Ẹ̀gbọ́n Òkè-Àdó, tó bá tóbi díẹ̀, ẹ̀yin ni mo máa gbé e wá bá.